Gbólóhùn Ìkẹyìn

Nínú àwọn àròkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ránṣẹ́ sí wa, ọ̀kan wà tí ó fa àríyànjiyàn láàárín ìgbìmọ̀ wa. Ọmọbìnrin kan ni ó kọ ọ́, nípa iná tí ó jó Asígamé, Ọjà Ńlá Lomé, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2013. Ìyá àgbà rẹ̀ ń ta aṣọ níbẹ̀. Ó ròyìn bí arúgbó náà ti dúró lẹ́bàá ọ̀nà ní òwúrọ̀, tí ó di kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ rẹ̀ mú, tí kò sì sí ilẹ̀kùn kankan mọ́ tí ì bá fi ṣí. Lẹ́yìn èyí ni ọmọ náà wá kọ ọ́ pé, ní ìparí, iná kò dára, ó sì yẹ kí ìjọba àti àwa ará ìlú máa ṣọ́ra.

Ohun tí kọ́kọ́rọ́ náà ti ṣe lọ́kàn wa ni gbólóhùn yìí tú ká. A dábàá pé kí a gé e kúrò. Ọmọ náà kọ̀. Ó ní olùkọ́ òun yóò yọ nínú àmì òun bí kò bá sí ìparí, àti pé àlọ́ Yorùbá pàápàá kì í ṣaláì ní ẹ̀kọ́. Àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ wa gbè é lẹ́yìn. Ìdí nìyí tí a fi gbé ọ̀rọ̀ náà wá síwájú yín.

Ti olùkọ́ kò le púpọ̀. Nínú ẹ̀kọ́ Faransé tí ọ̀pọ̀ wa gbà kọjá, wọ́n kọ́ wa pé kí a kó ohun tí a ti sọ jọ, kí a sì ṣí ilẹ̀kùn sí ọ̀rọ̀ mìíràn, èyí tí wọ́n ń pè ní ouverture. Ìlànà yìí yẹ dissertation, nítorí iyàn ni dissertation, ẹni tí ó bá sì ń jiyàn ní láti sọ ibi tí òun dúró sí. Ṣùgbọ́n ìròyìn kì í ṣe iyàn. (Ilẹ̀kùn yẹn náà, wọ́n ti ń ṣí i jù: ẹni tí ó kọ̀wé nípa gàrí yóò fi ìbéèrè lórí ọjọ́ ọ̀la gbogbo Áfíríkà kádìí rẹ̀.)

Ti àlọ́ ni ó gba ìrònú. Òótọ́ ni pé apàlọ́ máa ń sọ ẹ̀kọ́ inú àlọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ó tún ń ṣe: ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ búra. Ó ní bí òun bá purọ́, kí agogo ẹnu òun má dún. A ó sì gbọ́ bí ó ti ń dún. Ó fi nǹkan dógò. Gbólóhùn pé iná kò dára kò fi ohunkóhun dógò. Ẹni tí kò dé Lomé rí lè kọ ọ́.

Àwọn tí ń kọ ìparí oníwàásù a máa rò pé Fágúnwà ni àwọn ń tẹ̀ lé. Lóòótọ́, ní òpin Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1938, òǹkọ̀wé kọjú sí wa, ó gbà wá nímọ̀ràn, ó sì pè wá kí a bá òun hó ìhó ayọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ti rin ìrìn náà débẹ̀. Àkàrà-Ògùn jókòó, ó ń sọ ìtàn, ẹnì kan ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ilẹ̀ ti ń mọ́ ni èrò ń pọ̀ sí i tí wọ́n wá gbọ́. Nígbẹ̀yìn, ọkùnrin náà pòórá mọ́ wọn lójú. Nígbà tí Fágúnwà bá yíjú sí wa, a ti jókòó láàárín èrò náà. Ìwé náà fúnra rẹ̀ ni ó kó àwùjọ tí ó ń bá sọ̀rọ̀ jọ. Ẹni tí ó bá yọ ìparí yẹn, tí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àròkọ olójú-ewé méjì, ó gbé agbádá àgbà wọ ọmọdé.

Nítòsí wa níhìn-ín, Félix Couchoro, tí a bí ní Ouidah ní ọdún 1900, tí ó sì kú ní Lomé ní ọdún 1968, gba ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí ìtàn rẹ̀ ń jáde díẹ̀díẹ̀ nínú Togo-Presse, gbólóhùn tí ó gbẹ̀yìn lónìí ní láti mú kí ènìyàn wá ìwé ìròyìn náà lọ́la. Iṣẹ́ gbólóhùn ìkẹyìn, nígbà náà, kì í ṣe ẹyọ kan.

Ohun tí a bá ọmọ wa wí kò ju èyí lọ: kò sọ ẹ̀kọ́ jù, ẹlòmíràn ni ó yá ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A dá àròkọ náà padà fún un, a sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ni ìyá àgbà fi kọ́kọ́rọ́ náà ṣe?

Èsì rẹ̀ dé ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Kọ́kọ́rọ́ náà ṣì wà láàárín àwọn kọ́kọ́rọ́ ilé wọn, ìyá àgbà kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́. Ibẹ̀ ni àròkọ náà parí sí báyìí. Ọmọ náà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ìmọ̀ràn sí ìjọba rẹ́, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rọ̀ náà, «ní ìparí», síbẹ̀, nítorí olùkọ́ rẹ̀.