Ǹjẹ́ Dùùrù Lè Sọ Yorùbá?

Ní ilé wa ní Festac, ìyá àgbà kì í bá wa kọ àwọn orin ìsìn kan tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá ṣùgbọ́n tí ohùn rẹ̀ jẹ́ ti Òyìnbó. Wọ́n ní orin náà ń ṣi ọ̀rọ̀ pè. Òótọ́ ni. Ọkọ́ tí a fi ń roko kì í ṣe ọkọ̀ tí a ń wọ̀. Bí orin bá gbé ọ̀rọ̀ sókè níbi tó yẹ kó rẹlẹ̀, ìtumọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ìdí nìyí tí mo fi gbé iṣẹ́ Fẹlá Ṣówándé yẹ̀ wò. Ọdún 1905 ni wọ́n bí i. Ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin Cathedral Church of Christ ní Èkó nígbà èwe rẹ̀, lọ́dọ̀ T. K. E. Phillips tó ń tẹ dùùrù níbẹ̀. Ní 1934 ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ń ṣeré jáásì, ó sì ń tẹ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun èlò olókùn ló kọ African Suite ti 1944 fún. Kò sí ìlù níbẹ̀, síbẹ̀ apá tó kẹ́yìn, Akinla, mú mi jó.

Ṣùgbọ́n Oyigiyigi tó kọ fún dùùrù ni mo fẹ́ràn jù. Mo fi fóònù gbé e sí i fún ìyá àgbà láìdárúkọ rẹ̀. Nígbà tí orin gan-an wọlé, wọ́n gbójú sókè: "Oyígíyigì nìyẹn!" Ẹnikẹ́ni kò kọrin, ṣùgbọ́n dùùrù ti pe ọ̀rọ̀ náà bí dùndún ṣe ń pè é.

Kò pẹ́ tí Ṣówándé bẹ̀rẹ̀ sí í yí orin náà padà lóríṣiríṣi, bí àwọn olórin Òyìnbó ti máa ń ṣe. Ìyá àgbà fetí sílẹ̀ títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ibo ló wá gbé orin náà lọ?" N kò rí èsì fọ̀. Àléébù tí mo rí nìyí: níbi tí ọgbọ́n dùùrù bá ti pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ Yorùbá á rì sínú rẹ̀. Ẹni tó mọ orin náà tẹ́lẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ wá a tì.

Síbẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwa ọmọ Festac ń sọ Yorùbá bí orin tí a túmọ̀: ọ̀rọ̀ wà, ohùn kò sí. Èmi náà wà lára wọn. Bí dùùrù tó ti òkè òkun wá bá lè pe Oyígíyigì tí àgbàlagbà fi dá a mọ̀, kí ló dé tí ẹnu tèmi kò ní lè pè é?