Ogun Tí Ó Mú Ìtáwuyì Dé Ilé Ìyálóde: Àyẹ̀wò Ẹfúnṣetán Aníwúrà Láti Etí Òkun Àgbádárìgì

Láti ìgbà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti gbé eré-onítàn rẹ̀, Ẹfúnṣetán Aníwúrà, jáde ní 1970, ìwà ìkà Ìyálóde ni àwọn aṣèdánwò sábà máa ń kọ̀wé lé lórí. Wọn a to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ: òfin tí ó ṣe pé ẹrú òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún tàbí kí ó fún ẹlòmíràn lóyún, Adétutù tí ó tìtorí oyún pàdánù ẹ̀mí rẹ̀, ìpinnu Ìtáwuyì láti gbẹ̀san. Lẹ́yìn èyí ni wọn a wá gbóṣùbà fún Látóòsà, ẹni tí ó ṣẹ́gun ìkà. Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ń gba máàkì, kò sì burú. Ṣùgbọ́n ó fo ìbéèrè kan dá, èyí tí ó yẹ kí ó ṣáájú gbogbo wọn: ta ni ó kó àwọn ẹrú wọ̀nyí dé ilé Ìyálóde?

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ka ìwé yìí ní Ajara, ní ẹ̀bá Àgbádárìgì, kò ní láti rìn jìnnà kí ó tó rí ìdí tí ìbéèrè náà fi ṣe pàtàkì. Àwọn Ògù, tí ó ń gbé ibẹ̀ láti ayébáyé, mọ ohun tí ogun ìjọba tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè lè fojú ẹni rí. Àgájà, ọba Dàhòmì, ṣẹ́gun Àlàdá ní 1724. Ó gba Wídà ní 1727. Àwọn tí ó sá fún ogun wọ̀nyẹn wà lára àwọn tí ó sọ Àgbádárìgì di ìlú ńlá. Ọ̀sà ni ó wà láàárín ìlú náà àti Gbẹ̀rẹ̀fú, níbi tí a ti ń kó ẹrú lọ sínú ọkọ̀ òkun. Bẹ́ẹ̀ ni ìlú tí àwọn ìsáǹsá ogun fi ṣe ibi ìsádi ṣe di ọjà tí a ti ń ta ẹni tí ogun kó níbòmíràn.

Ìlú tuntun ni Ìbàdàn náà. Ní nǹkan bí 1829 ni àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ pa ibùdó síbẹ̀, lórí ilẹ̀ Ẹ̀gbá Gbágùúrá. Ní 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá lọ tẹ Abẹ́òkúta dó. Ìlú tí kò ní ọba aládé ni, oyè ogun ni ó sì fi ń ṣe ìjọba. Ẹni tí ó bá fẹ́ di ènìyàn ńlá níbẹ̀, àfi kí ó kó ẹrú bọ̀ láti ojú ogun. Nígbà ayé Ẹfúnṣetán, òwò ẹrú orí òkun ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, epo pupa àti ẹkùrọ́ ni àwọn òyìnbó ń béèrè ní etíkun. Síbẹ̀ ìyẹn kò tú ẹrú sílẹ̀: oko ni wọ́n ń kó wọn lọ báyìí. Owó epo ni a fi ń ra ìbọn, ìbọn ni a sì fi ń kó ẹrú mìíràn wá ro oko. Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ títí di 1921, sọ pé ẹrú tí Ẹfúnṣetán ní ní oko nìkan tó 2,000. Àwọn ológun pàápàá máa ń gba ohun ìjà àwìn lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú ìfìwàwẹ̀dá ni iṣẹ́ Ìṣọ̀lá ti dára jù. Bí a bá ń ki olówó, iye ẹrú rẹ̀ ni a ń gbọ́. A kì í gbọ́ ohùn wọn. Nínú eré yìí, ẹrú ń fẹ́ ara wọn, wọ́n ń gbìmọ̀, wọ́n ń bẹ̀rù, wọ́n sì ń pinnu. Oyún Adétutù kọjá àìgbọràn lásán. Ènìyàn ni òun, kì í ṣe ẹrù, ni ó ń fi í sọ. Májèlé tí Ìtáwuyì fẹ́ fi gbẹ̀san kò ṣiṣẹ́, òun gan-an ni ó sì pàdánù. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni ẹrú ti dìde fún ara rẹ̀, tí kò dúró de àánú ìjòyè kankan. Ó ṣe ni láàánú pé díẹ̀ nínú àwọn aṣèdánwò ni ó máa ń dúró níbẹ̀ pẹ́.

Ibi tí eré náà ti mẹ́hẹ ni ìparí rẹ̀. Ọmọ ogun Látóòsà ni ó borí Ìyálóde, ó sì gbé májèlé jẹ. Gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ oko-ẹrú wá di ẹ̀ṣẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, ọwọ́ ológun sì mọ́ tónítóní. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni Johnson ṣe ròyìn rẹ̀. Ẹ̀sùn mẹ́ta tí Látóòsà fi kan Ìyálóde ní 1874 kò kan ìyà ẹrú rárá. Ọ̀rọ̀ ogun ni gbogbo wọn: kò bá a lọ sójú ogun; kò fi nǹkan ìrànwọ́ ránṣẹ́; kò jáde lọ pàdé rẹ̀ nígbà tí ó ń ti ogun bọ̀. Kúmúyìlọ́, ọmọ tí Ìyálóde gbà tọ́, ni ó fi owó bẹ ẹrú ìyá rẹ̀ lọ́wẹ̀ tí wọ́n fi pa á lóru. Nígbà tí ọ̀rọ̀ sì dójú ẹ̀, àwọn ẹrú náà ni wọ́n pa.

Lóòótọ́, eré kì í ṣe ìwé ìtàn, òǹkọ̀wé sì ní àṣẹ láti yí ìṣẹ̀lẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò ni ó wo eré yìí ní pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn ní 1981, nígbà tí ẹgbẹ́ Ìṣọ̀lá Ògúnsọlá ṣe é. Ojú tí wọ́n fi wo Ẹfúnṣetán ni ọ̀pọ̀ ń fi wò ó di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Bọ́lánlé Awẹ́ ti fi ojú mìíràn wo ìgbésí ayé rẹ̀ nínú ìwé tí ó ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1992. Látóòsà tí ó dá ẹjọ́ ìkà nínú eré, òun náà ni Ààrẹ tí àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dìde sí nínú ogun Kírìjì, nítorí ìyà tí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn fi ń jẹ wọ́n. Ogun náà kò tán pátápátá títí di 1893. Látóòsà kú ní ibùdó ní 1885.

Fún olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ ohùn ẹni tí ogun kó gan-an, ẹ̀rí kan wà tí ó yẹ kí a kà pọ̀ mọ́ eré yìí: ìtàn tí Àjàyí Crowther fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ní 1837. Ní 1821 ni ogun kó o ní Òṣogùn. Wọ́n yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé etíkun, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ lórí omi ní 1822. Ìkà kan ṣoṣo kọ́ ni ó wà nínú ìtàn yẹn. Ogun wà níbẹ̀, ọjà wà níbẹ̀, ọ̀nà sì wà láàárín méjèèjì. Àgbádárìgì ni Crowther gúnlẹ̀ sí ní 1845 nígbà tí ó padà wálé, ó sì dúró níbẹ̀ ju ọdún kan lọ kí ọ̀nà Abẹ́òkúta tó ṣí. Ní Abẹ́òkúta, ní oṣù kẹjọ 1846, ni ó tó tún fojú kan ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n.