Hieronimo: Adájọ́ Tí Kò Rí Ẹni Dá Ẹjọ́ Tirẹ̀

Ó ti sú ni láti máa gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ wa pé àkàbà tí Hamlet, eré Shakespeare, gùn dé òkè lásán ni The Spanish Tragedy tí Thomas Kyd kọ. Wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fojú tín-ín-rín ọkùnrin yìí. Léraléra ni wọ́n tẹ eré náà láìfi orúkọ rẹ̀ sí i; ọdún 1612 ni Thomas Heywood tó dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ Kyd ti kú láti 1594. Àṣìkà kejì ló burú jù: wọ́n ní wèrè àti òùngbẹ ẹ̀jẹ̀ ló sọ Hieronimo di apànìyàn. Irọ́ ni. Adájọ́ ni Hieronimo láàfin ọba Spéènì, ọ̀nà òfin ló sì kọ́kọ́ tọ̀ nígbà tí wọ́n pa Horatio ọmọ rẹ̀.

Ẹ wo ìran Pedringano dáadáa. Ìránṣẹ́ yìí wà lára àwọn tó pa Horatio. Kí àṣírí má baà tú, Lorenzo, olórí àwọn apànìyàn náà, ní kó lọ pa Serberine tí wọ́n jọ lọ́wọ́ nínú ìpànìyàn náà, ó dẹ ẹ̀ṣọ́ sílẹ̀ dè é, ó sì ṣèlérí ìdáríjì ọba fún un. Ọmọ ọ̀dọ̀ kan dúró nídìí igi ìkọ́, ó ń nawọ́ sí àpótí tí Pedringano rò pé ìwé ìdáríjì wà nínú rẹ̀. Òfìfo ni àpótí. Ọ̀daràn ń bá amúniso ṣàwàdà títí okùn fi fún un lọ́rùn. Ta ló dájọ́? Hieronimo ni, ẹni tó ń dárò pé òun ń ṣe ẹ̀tọ́ fáwọn ẹlòmíràn, òun kò sì rí ẹ̀tọ́ gbà. Lẹ́yìn ikú Pedringano ni wọ́n rí lẹ́tà lára rẹ̀ tó tú Lorenzo fó. Ìdájọ́ tó tọ́ lábẹ́ òfin ló pa ẹni tí ì bá jẹ́rìí fún adájọ́ náà. Ó wá ké gbàjarè tọ ọba lọ. Lorenzo ní orí rẹ̀ ti dàrú, ọba sì gbà bẹ́ẹ̀ láìwádìí. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Nígbà tí bàbá arúgbó Bazulto mú ẹ̀bẹ̀ wá nítorí ọmọ rẹ̀ tí wọ́n pa, aṣọ ìnujú tí Hieronimo fà yọ kí ó fi nu omijé ni èyí tí ẹ̀jẹ̀ Horatio ti gbẹ mọ́. Kò pẹ́ tó fi eyín fa ìwé àwọn olùpẹ̀jọ́ ya. Ẹni tó bá pe èyí ní wèrè lásán kò kíyè sí i pé ìwé ẹjọ́ ló ń ya.

Wọ́n lè ní iwin Andrea, jagunjagun tó ti kú, àti Ẹ̀san tó di ènìyàn jókòó lórí ìtàgé láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà àyànmọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n Hieronimo kò rí wọn rárá; ìpinnu tirẹ̀ ló ń ṣe. Àtakò tó lágbára ni ti Dúkì Castile, bàbá Lorenzo, tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ikú Horatio. Lẹ́yìn tí Hieronimo ti gbẹ̀san lára àwọn tó pa ọmọ rẹ̀, ó béèrè ọ̀bẹ bí ẹni fẹ́ gbẹ́ kálàmù rẹ̀, ó sì fi gún un pa. N kò lè dá ìyẹn láre, Kyd náà kò sì dá a láre. Èyí nìkan ni mo wá dúró lé: nígbà tí ààfin ti ilẹ̀kùn òfin mọ́ ẹni tó mọ òfin jù, kò sí ẹni tó kù láti ya aláìṣẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹlẹ́ṣẹ̀.