Igi Gúáfà Ọmọ Tíṣà Àgbà

Bí ọ̀rọ̀ ìwé Aké tí Wọlé Ṣóyínká kọ bá ti délẹ̀ láàárín àwa tí ìwé kíkà wù, ìjà àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ni gbogbo ènìyàn máa ń sáré lọ bá. Wọn a ní ẹ ò rí Ìyá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ẹ ò rí bí àwọn obìnrin ṣe kóra jọ nítorí owó orí, ẹ ò rí bí Aláké Adémọ́lá ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí oyè ní 1949. Òótọ́ ni o. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lé e lórí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ka ìwé náà tán, ẹ̀ẹ̀mejì lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀ẹ̀kan lédè Yorùbá, kì í ṣe ìjà yẹn ló ń mú mi padà síbẹ̀. Igi gúáfà kan ni.

Kí ẹni tí kò tíì kà á má baà ní mo ń pa àlọ́ fún òun, ìtàn ìgbà èwe Ṣóyínká fúnra rẹ̀ ni. 1934 ni wọ́n bí i. Bàbá rẹ̀ ni ọ̀gá ilé-ìwé St. Peter's ní Aké, l'Ábẹ́òkúta. S. A. ni lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ bàbá náà, ọmọ bá sọ ọ́ di Essay. Ìyá rẹ̀ tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù, tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ gbóná bí iná, Wild Christian ló pe òun. Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ kò tíì ju ọdún méjì-mẹ́ta lọ, ó sì dúró nígbà tó ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sí Government College, Ìbàdàn, bí ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ìwé náà jáde ní 1981, ọdún márùn-ún kí wọ́n tó fún un ní ẹ̀bùn Nobel.

Ó dáa. Ẹ wá wo ohun tí ọmọ yìí kó jọ nínú ọdún wọ̀nyẹn. Igi gúáfà kan wà tó sọ di tirẹ̀, tó máa ń gùn lọ jókòó sí nígbà tí ariwo ilé bá sú u. Àpáta kan wà nínú ọgbà ilé-ìwé tó sọ ní Jónà, nítorí Jónà inú Bíbélì tó wà nínú ikùn ẹja. Ibẹ̀ náà, ibi ìsápamọ́ rẹ̀ ni. Igi pómégíránétì kan wà tí ọmọ náà kà sí èèyàn pàtàkì, nítorí èso inú Bíbélì ni, ó sì wà nítòsí ilé wọn! Bàbá rẹ̀ ń tọ́jú òdòdó róòsì, ọmọ náà ń wò ó. Kò sí ìkankan nínú nǹkan wọ̀nyí tí wọ́n rà fún un. Kò sí bọ́ọ̀lù aláràbarà níbẹ̀, kò sí mọ́tò oníwáyà. Ohun tó wà nílẹ̀ ló fún lórúkọ, orúkọ náà ló sì fi gbà á.

Ti giramafóònù tún wá yàtọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti dàgbà díẹ̀ ẹ ó rántí irú rẹ̀, èyí tó ní àwòrán ajá tó tẹ́tí sílẹ̀ níwájú fèrè rẹ̀. Orin Dẹ́ńgẹ́ ń jáde níbẹ̀, ti Àyìndé Bákàrè ń jáde níbẹ̀. Ohùn Paul Robeson náà wà níbẹ̀, ó sì jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ fi rò pé ọgbọ́n ẹ̀rọ lásán ni, àfi ìgbà tí bàbá rẹ̀ sọ fún un pé ènìyàn dúdú bíi tiwa ló ni ín. Àwo kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé ẹ̀rín ni ọkùnrin kan ń rín nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ gbà mí! Mo dákẹ́, mo tún ibẹ̀ kà. Àwọn ọ̀mọ̀wé wa ti kọ ìwé rẹpẹtẹ nípa ibi tí Ṣóyínká ti kọ́ àwàdà, wọ́n á ní Gíríìkì, wọ́n á ní alárìnjó. Wọ́n lè rí i síbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti gbọ́ àwo ẹ̀rín nílé bàbá rẹ̀, tó wá dàgbà tó kọ eré Jero, wòlíì etí òkun, èmi ò ní rìn jìnnà kí n tó mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn giramafóònù ni rédíò dé, àpótí tí wọ́n ń pè ní Asọ̀rọ̀mágbèsì, tó ń sọ̀rọ̀ ogun Hitler sí wọn létí. Orúkọ yẹn fúnra rẹ̀ tó ìwé kan.

Ibì kan wà tí àwọn olórin ọlọ́pàá gba iwájú ilé wọn kọjá, tí wọ́n ń fọn fèrè tí wọ́n ń lùlù, tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún bá tẹ̀ lé wọn. Àwọn ọmọ yòókù ń yà padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun kò yà. Ó rìn títí dé Ìbarà, ó dé ọgbà ọlọ́pàá, ibẹ̀ ló tó mọ̀ pé òun nìkan ló ṣẹ́ kù, ọlọ́pàá ló sì fi kẹ̀kẹ́ gbé e wálé. Ẹni tó bá kà á pẹ̀lú ojú òbí, ẹ̀rù á bà á. Ẹni tó bá kà á pẹ̀lú ojú ọmọ, á mọ̀ pé ọjọ́ yẹn ni ọmọ náà kọ́kọ́ mọ̀ pé ìlú tóbi ju ọgbà tíṣà lọ.

Ti wàrà ńkọ́? Wàrà ẹlẹ́bu tí wọ́n rà fún ọmọ ìkókó, tó wà nínú agolo ní yàrá ìpamọ́ oúnjẹ, ni ọ̀gbẹ́ni yìí ń yọ́ lọ bù, tó ń jẹ́ kó yọ́ díẹ̀díẹ̀ lórí ahọ́n. Ọwọ́ bà á nígbẹ̀yìn. Lójú tèmi, kò sí ibi tó dára jù èyí lọ nínú ìwé náà, nítorí pé kò tọrọ àforíjì níbẹ̀, kò sì fi ṣe ẹ̀kọ́ ìwà rere fún wa. Ó dùn, ó sì burú, ó parí. Ẹni tó bá ti jí wàrà lá rí mọ bó ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu tí wọ́n bá pe èèyàn lójijì tí kò sì lè dáhùn. (Èmi ò sọ pé mo jí i o.)

Níbi tí mo ti ń bá òǹkọ̀wé náà fà á nìyí: nǹkan kékeré wọ̀nyí ni mo gbà gbọ́ jù. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu ọmọ náà ni mo fura sí. Ọmọ ọdún mẹ́rin tó ń bá àgbà jiyàn bíi lọ́yà, tó ń wá kùdìẹ̀-kudiẹ nínú ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀! Ọmọ bẹ́ẹ̀ wà, mi ò jiyàn, ọmọ tó bá máa jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Àmọ́ ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún ló ń kọ ìwé, àgbà náà sì máa ń yọjú lẹ́yìn ọmọ lọ́pọ̀ ìgbà. Adùn wàrà, òórùn àkàrà, ariwo fèrè, àwọn yẹn kò ṣe é hun lẹ́yìn ogójì ọdún. Ara ló ń rántí wọn.

Àgbà yẹn ló ba orí tó sọ̀rọ̀ oúnjẹ jẹ́ díẹ̀. Ṣóyínká padà sí òpópónà tó mọ̀ ní kékeré, kò gbọ́ òórùn tó mọ̀ mọ́. Ìpolówó àwọn ìyá olóúnjẹ ti lọ, ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ òkèèrè àti ariwo orin tuntun ti gba ibẹ̀. Bó ṣe ka oúnjẹ àtijọ́ wọ̀nyẹn, ẹnu èèyàn á máa dami. Bó ṣe wá bínú sí ti ìsinsìnyí ni kò dùn mọ́ mi nínú. Ẹ lọ sí Abẹ́òkúta lónìí, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ẹ ó rí ẹni tó ń din àkàrà létí títì. Àkàrà ò kú, jàre. Ẹnu ọmọ tó ń jẹ ẹ́ nígbà náà ló lọ, kò sì sí ẹni tó lè bá a wá ìyẹn, à báà lé gbogbo ṣọ́ọ̀bù kúrò lójú ọ̀nà.

Mo ní mo kà á lédè Yorùbá. Akínwùmí Ìṣọ̀lá, òun náà tó kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tó kọ Ogún Ọmọdé nípa ìgbà èwe, ló túmọ̀ rẹ̀, ó sì jáde ní 2001. Aké: Ní Ìgbà Èwe ni wọ́n pè é. Ẹni tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì ní London ń fẹ́ kí wọ́n là á yé òun pé ẹ̀wà ni wọ́n ń lọ̀ kó tó di mọ́ínmọ́ín. Ọmọ Ìbàdàn kò fẹ́ ìyẹn, ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ata rẹ̀ tó ni. Nítorí náà oúnjẹ inú ìwé náà dà bí ẹni tó ti ìdálẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n S. A. tó di Essay, etí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ti ń dùn, atúmọ̀ tó mọṣẹ́ jù kò rí i ṣe. Ẹ ka Yorùbá nítorí oúnjẹ, ẹ ka Gẹ̀ẹ́sì nítorí àríyànjiyàn.

Mo fẹ́ padà sórí igi gúáfà. Télọ̀ ni ìyá mi, ní Òkè-Àdó, n'Íbàdàn. Nígbà tí mo wà ní pírámárì, mo ní agolo bisikíìtì kan tí mo ń kó bọ́tìnnì tó bá já bọ́ sílẹ̀ sí, àti àjákù aṣọ tó bá wù mí. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday, màá tú wọn sórí ẹní. Màá fún wọn lórúkọ, màá fún wọn ní bàbá àti ìyá, wọn a jà, wọn a parí ìjà. Bọ́tìnnì funfun kan wà tó ń kọ mànà, Ìyàwó ni mo pe òun. Lọ́jọ́ kan, bọ́tìnnì búláòsì oníbàárà ìyá mi dín ọ̀kan. Ìyá mi ò wo ẹ̀yìn, ó ṣí agolo mi, ó mú Ìyàwó, ó gán an mọ́ aṣọ. Mo sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. "Ṣé bọ́tìnnì lo fẹ́ jẹ ni?" ni ìyá mi ń bi mí. Obìnrin burúkú kọ́ o. Oníbàárà dúró, owó aṣọ náà ni wọ́n sì máa fi ra ìwé fún mi. Ó ra mẹ́ta dípò rẹ̀ fún mi lọ́sẹ̀ kejì. Kò sí Ìyàwó nínú wọn.

Bùrọ́dà mi ní igi máńgòrò tiẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Tó bá ti ilé-ìwé dé, ó ti gùn ún nìyẹn. Wọn kì í pè é wá sílẹ̀ kó wá bá wọn ki okùn bọ abẹ́rẹ́. Oníbàárà kankan kò sì lè ní ẹ̀ka máńgòrò kan ló kù kí aṣọ òun pé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ti igi gúáfà yẹn, ìlara ló mú mi, kí n má purọ́.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá Tinú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Òun ló kọ́kọ́ ń lọ ilé-ìwé, òun ni àbúrò kó ìwé bàbá wọn tẹ̀ lé lọ síbẹ̀ nígbà tí kò tíì tó ọmọ tí wọ́n ń gbà. Mo wá igi tirẹ̀, n kò rí i. Mo wá àpáta tirẹ̀, àpótí tirẹ̀, ohun tó fi pamọ́ sábẹ́ ẹní, n kò rí i. Yàrá ìyá wọn wà níbẹ̀, tó kún fún ẹrù dídì àti oríṣiríṣi òórùn, ọmọ náà sì gbọ́ gbogbo òórùn yẹn dáadáa. Ohun tó wà nínú àwọn ẹrù náà, àti ìdí tí obìnrin fi tọ́jú rẹ̀, kò tú u fún wa. Ẹ má ṣì mí gbọ́, ìtàn ara rẹ̀ ló ń sọ, kò sì jẹ wá ní ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ìwé tó fi ìjà àwọn obìnrin parí ni o! A mọ ohun tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá kọ̀, a mọ owó tí wọn kò fẹ́ san, a mọ ilẹ̀ tí wọ́n jókòó sí níwájú ààfin. Ohun tí ọmọbìnrin kan nínú ilé yẹn fẹ́ràn láti máa ṣe lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ tí wọn kò bá rán an níṣẹ́, a kò mọ̀ ọ́n.

Bí ẹnikẹ́ni bá kọ ìyẹn, ìbáà jẹ́ ti Aké, ìbáà jẹ́ ti Òkè-Àdó, kó jọ̀wọ́ jẹ́ kí n gbọ́. Màá fi owó ọbẹ̀ rà á.