Ṣèyí Olúsànyà àti Fọ́ǹtì Danfo: Ibi tí Àmì Ohùn ń Jókòó

Lójú ọ̀nà Baṣọ̀run, n'Ìbàdàn, pátákó ṣọ́ọ̀bù tó kọ orúkọ àdúgbò náà ní «Bashorun» kò ṣọ̀wọ́n. Àkọtọ́ Yorùbá béèrè fún ṣ àti ọ̀ nínú orúkọ yìí. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti akọ̀wé pátákó nìkan; fọ́ǹtì tí ó lò lè ní ọwọ́ níbẹ̀. Ojú yìí ló yẹ kí onímọ̀ Yorùbá fi wo iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà lẹ́tà adádúró bíi Ṣèyí Olúsànyà.

Olúsànyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Afrotype ló ṣe fọ́ǹtì tí wọ́n pè ní Danfo, èyí tó wà lórí Google Fonts. Ara ọkọ̀ akérò Èkó ni wọ́n ti rí àwòkọ́ṣe rẹ̀, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń gé lẹ́tà lára sítíkà, tí wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀. Ibi tí iṣẹ́ náà ti yọrí ni pé kò fi àwọn agélẹ́tà wọ̀nyí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ka ọwọ́ ìgé wọn sí ìlànà. Ẹni tó ń lò ó tilẹ̀ lè yí ìrísí ẹ̀ṣọ́ etí lẹ́tà padà lórí kọ̀ǹpútà. Bẹ́ẹ̀ ni ọnà ojú títì ṣe di ohun tí ayé lè lò.

Ṣùgbọ́n ẹwà nìkan kò tó fún èdè olóhùn. Bí àmì bá ṣí kúrò lórí «ọkọ̀», ó di ọkọ ìyàwó. Bí ó bá yí padà, ó di ọkọ́ àgbẹ̀. Nínú Unicode, ṣ, ẹ àti ọ ní kóòdù tiwọn, ṣùgbọ́n ọ̀ kò ní: lẹ́tà àti àmì ni a ń tò pọ̀. Aṣẹ̀dá fọ́ǹtì ló gbọ́dọ̀ sọ ibi tí àmì yóò jókòó sí. Bí kò bá sọ ọ́, àmì lè bọ́ sórí lẹ́tà kejì. Lẹ́tà títóbi, oníẹ̀ṣọ́ bíi ti Danfo kì í fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ àmì níbẹ̀ le ju ti fọ́ǹtì ìwé kíkà lọ.

Ta ni yóò sanwó iṣẹ́ yìí? Ìyọ̀ǹda gbogboògbò tí Danfo ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó lọ́fẹ̀ẹ́; a kì í gbowó lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fi irú ìyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní láti rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un, bóyá ilé-iṣẹ́ tàbí oníbàárà. Ṣàṣà sì ni oníbàárà tí yóò béèrè fún àmì ohùn.

Ìyọ̀ǹda yìí kan náà ló ṣí ọ̀nà sílẹ̀, torí ó gba ẹlòmíràn láàyè láti tún fọ́ǹtì náà ṣe kí ó sì pín in. Ìbàdàn ni Ayọ̀ Bámgbóṣé ti gbé ìwé rẹ̀ lórí àkọtọ́ Yorùbá jáde ní 1965. Àwọn yunifásítì àti ilé ìtẹ̀wé ìlú náà ló yẹ kí wọ́n jẹ́ oníbàárà tí ń béèrè, tí ó sì ń sanwó. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Olúsànyà ti fi hàn pé lẹ́tà wa lẹ́wà; kí àmì orí rẹ̀ má ṣe wọ́ ló kù.