Ọwọ́ Ló Ń Na Irun

Ariwo dráyà ni èèyàn fi ń mọ ṣọ́ọ̀bù onídìrí láti ojú títì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá onídìrí mọṣẹ́, ọwọ́ tí kò mú dráyà ni kó máa wò. Ọwọ́ òsì yẹn ló ń di irun mú, òun ló ń fà á le, òun ló sì ń mọ̀ pé ooru ti ń pọ̀ jù kí orí oníbàárà tó mọ̀. Ọ̀gá onídìrí kan wà ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, tí mo máa ń lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tí mi ò ní irun kankan í ṣe. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ni mò ń wò.

Irun tó wà lórí ọ̀pọ̀ wa ká mọ́ra. Ibi tó bá ti ká gan-an ló ti lẹ jù, òróró tí awọ orí ń pèsè kì í sì í tètè rìn dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń rìn lórí irun tó nà gbọọrọ. Ìdí nìyẹn tí irun wa fi máa ń gbẹ, tó sì máa ń já bí wọ́n bá fagbára yà á. Bẹ́ẹ̀, tí onídìrí bá fẹ́ di ṣùkú, tàbí tó fẹ́ fi atáṣímẹ́ńtì sí i, ó di dandan kó kọ́kọ́ na irun yìí kó tó lè rójú ọ̀nà pín in. Iṣẹ́ nínà yẹn ni háńdì dráyà ń bá a ṣe, iṣẹ́ tó ń gba ẹni tó mọ̀ ọ́n tó ìdajì wákàtí, tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe tán.

Kí ọ̀gá yìí tó tan nǹkan kan, ó ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Lẹ́yìn ṣáńpù àti kọ̀ndíṣánà, kì í fi táwẹ̀lì ra irun. Tíṣáàtì àtijọ́ kan ló ń lò, èyí tí fífọ̀ ti sọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó ń fi dì mọ́ irun, ó ń fún omi inú rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀ láti ìdí dé ṣóńṣó. Lẹ́yìn náà, á ní kí oníbàárà lọ jókòó sábẹ́ fáànù. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á máa wo aago.

“Àǹtí, ẹ ò tíì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tèmi ni?”

“Ẹ fara balẹ̀ mà. Omi ṣì wà lára ẹ̀.”

Omi náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Irun tó bá rin gbingbin lè fa omi tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀. Ó ń wú, ó ń dẹ̀, okun rẹ̀ sì ń dínkù. Bí ooru ńlá bá ká omi yẹn mọ́ inú irun lójijì, omi á hó, á di oru, oru á sì máa wá ibi tí yóò gbà jáde. Àwọn dókítà awọ ara ti gbé irú irun bẹ́ẹ̀ sábẹ́ maikirosíkópù: ihò wẹẹrẹwẹ ló kún inú rẹ̀, bí inú búrẹ́dì. Irun tó bá ti rí báyẹn kò ní ìwòsàn, àfi ká gé e dànù. Nítorí náà ni ọ̀gá yìí ṣe ń dúró títí yóò fi ku ọ̀rinrin díẹ̀ lára irun kó tó fọwọ́ kan dráyà.

Ẹ má rò pé mò ń pe dráyà ní ọ̀tá irun o. Ní 2011, àwọn onímọ̀ kan ní Gúúsù Kòríà gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Annals of Dermatology. Wọ́n ń fọ irun, wọ́n ń mú un gbẹ, léraléra, títí ó fi di ìgbà 30. Nígbà tí ẹnu dráyà wà ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí irun, ooru tó ń dé ara irun jẹ́ 47°C. Ní sẹ̀ǹtímítà 10, ó di 61°C. Ní sẹ̀ǹtímítà 5, ó fò dé 95°C, ó kù díẹ̀ kí omi hó. Bí ooru ṣe ń ga sí i ni èèpo ojú irun ń bàjẹ́ sí i. Ibi tó yà mí lẹ́nu ni pé irun tí wọ́n fi sílẹ̀ kó gbẹ fúnra rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ ewu: oje tó lẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì irun mọ́ra nínú lọ́hùn-ún bàjẹ́ lára rẹ̀, tí kò sì bàjẹ́ lára àwọn yòókù. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé omi ló pẹ́ lára rẹ̀ jù. Ohun tí wọ́n wá dábàá ni pé kí dráyà wà ní sẹ̀ǹtímítà 15, kó má sì dúró lójú kan.

Sẹ̀ǹtímítà 15 jẹ́ ìdajì rúlà ọmọ ilé ìwé. Ọ̀gá Mọ́kọ́lá kò ka ìwé ìròyìn yẹn, mi ò sì rí rúlà kankan ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni dráyà rẹ̀ ń dúró sí, tàbí kó tilẹ̀ jìnnà jù ú lọ díẹ̀.

Àmọ́ dráyà tiwa sábà máa ń ní òòyà lẹ́nu. Bí òòyà yẹn bá ti wọnú irun, ọ̀rọ̀ ìdajì rúlà ti parí nìyẹn. Ẹnu iná ti bọ́ sáàárín irun. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ onídìrí ti ń ba irun onírun jẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń ki òòyà bọ irun tútù, tí wọ́n ń wọ́ ọ lọ wọ́ ọ bọ̀, tí irun ń já, tí wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ gbá a sábẹ́ àga kí oníbàárà má baà rí i. Ọ̀gá yìí ń yọ òòyà náà sílẹ̀ ná.

Á pín orí sí mẹ́rin, á fi kílíìpù há mẹ́ta, á wá máa mú díẹ̀díẹ̀ nínú ìkẹrin, èyí tí kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ. Ìka ló kọ́kọ́ fi ń tú u, láti ṣóńṣó bọ̀ wá sí ìdí. Bí ìka bá kan kókó, kò ní fà á. Á dúró, á rọra ya kókó náà sí méjì, á tún ya ìyẹn náà sí méjì. Lẹ́yìn èyí ni ọwọ́ òsì á di ṣóńṣó mú, á fa irun náà le, láìfà á débi tí awọ orí yóò fi gbéra, ọwọ́ ọ̀tún á sì máa mi dráyà láti ìdí lọ sí ìsàlẹ̀. Ìpẹ́ wà lójú irun, gbogbo wọn ló sì dojú kọ ṣóńṣó. Atẹ́gùn tó bá ń bá wọn lọ á tẹ́ wọn pẹrẹsẹ, irun á dán. Èyí tó bá ń kò wọ́n lójú á gbé wọn dìde, wọn á sì máa há mọ́ ara wọn.

Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún kì í sinmi. Nígbà tí dráyà bá kù díẹ̀ kó dé ṣóńṣó, ọwọ́ òsì á dẹ̀. Ohun kékeré ni, ó sì rọrùn kí ojú fò ó, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀gá gidi ni. Irun ń gùn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, nítorí náà ṣóńṣó irun tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30 ti ń jẹ ìyà oòrùn, ṣáńpù àti òòyà bọ̀ láti bí ọdún méjì ààbọ̀. Òun ló dàgbà jù lórí ẹni, òun náà sì ni àwọn aláìmọṣẹ́ ń sun jù.

Ìgbà tí irun bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán ló tó ń so òòyà mọ́ ẹnu dráyà padà. Á dín ooru kù, á gbà á kọjá lẹ́ẹ̀kan, bóyá lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, á tẹ bọ́tìnì atẹ́gùn tútù, ọwọ́ òsì ò sì ní tíì jọ̀wọ́ irun. Omi àti ooru ló ń tú ìdè tó mú irun ká; bí irun bá tutù sí nínà, nínà ni yóò wà títí omi tàbí òjò yóò fi tún kàn án. Ẹni tó bá mọ èyí ò ní máa padà gba ooru lórí ibi kan náà nígbà gbogbo, nítorí ìtutù ló ń mú irun dúró. Irun iwájú àti ti ẹ̀bátí ló ń fi ṣe ìkẹyìn, ooru díẹ̀ báyìí, nítorí irun ibẹ̀ tín-ín-rín, ìdìrí tó le jù sì ti fìyà jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀.

Imú náà ń bá a ṣiṣẹ́. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ kan ń fẹ́ irun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀gá kò sì wo ibẹ̀ rárá.

“Gbé e kúrò. Ṣé o ò gbóòórùn ni?”

“Oru ni, mà.”

“Oru kì í rùn.”

Ó tọ̀nà. Oru omi lè máa jáde lára irun tó ní ọ̀rinrin láìsí ewu, ṣùgbọ́n bí òórùn bá ti jáde, irun ti ń jó, tàbí ìpara tó wà lára rẹ̀. Ó ní ìpara kan tí wọ́n ṣe fún ààbò ooru tó ń fi pa irun ṣáájú. Sílíkónì inú rẹ̀ á bo irun, kò sì ní jẹ́ kí ooru tètè wọlé. Kò lè dá ooru dúró o, ó kàn ń fà á sẹ́yìn ni. Bí oníbàárà bá gbé òrí tàbí àdín àgbọn wá, kì í bá a jà. Á fi í sílẹ̀ di ìgbà tí irun bá tutù.

Nǹkan mìíràn tí mi ò lè gbójú fò ni epo pẹtiróòlù. Dráyà ṣọ́ọ̀bù lè gba nǹkan bí 2,000 wáàtì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ìlú ń pè ní I-better-pass-my-neighbour kò lè gbé ìdajì ìyẹn. Jẹnẹrétọ̀ ńlá ni onídìrí nílò, ó sì ń mu epo. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí dráyà fi ń ké ti di owó. Onídìrí tó ń ronú epo á gbé ooru sókè pátápátá, á sún mọ́ irun, á sì yára. Àánú wọn ń ṣe mí, àmọ́ orí oníbàárà ló ń san gbèsè náà.

Ọgbọ́n tí ọ̀gá tèmi dá sí i, ti àwọn ìyá wa ni. Bí èrò bá pọ̀, á fi òwú dúdú kó irun tó ṣì ní ọ̀rinrin, á jẹ́ kí onítọ̀hún jókòó kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ. Òwú á na irun, fáànù á gbẹ ẹ́, iná ò sì fi ibì kankan kàn án. Nígbà tí ayafọ́tò J. D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán irun àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968, irun olówùú wà lára àwọn tó yà, tó dúró ṣánṣán. Bí ọ̀gá bá tú òwú náà, iṣẹ́ tó kù fún dráyà kì í tó nǹkan, epo náà sì ń pẹ́.

Ó tún ní búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kan tó fi ń gbá àwọ̀n ẹ̀yìn dráyà. Bí eruku àti irun já bá dí àwọ̀n yẹn, atẹ́gùn ò ní wọlé dáadáa, ooru á sì kó jọ. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti wọ̀, àwọ̀n yẹn ti dí pa.

Owó rẹ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ díẹ̀, ó sì tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá tún jókòó fún onídìrí, ibi yòówù kó jẹ́, ẹ ní kó kọ́kọ́ fẹ́ dráyà náà sí apá ara rẹ̀. Èyí tó bá kọ̀, ẹ dìde, kí ẹ gbé irun yín lọ síbòmíì.