Nọ́ńbà Kì Í Ṣe Ẹ̀rí

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mi ò ní kí ẹ má mu àgbo o. Àgbo ni wọ́n fi tọ́ èmi náà dàgbà. Pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù kẹ́místì ni mo ń bá wí.

Láti Òdà títí wọ Àkúrẹ́, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kẹ́místì ló ń to ìgò bítàs ti oògùn ibà àti tábúlẹ́ẹ̀tì ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìgò òmíràn ní òun ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ibà, ìtọ̀ ṣúgà, gbogbo ẹ̀ pátá. Òǹrà rí nọ́ńbà NAFDAC lára méjèèjì, ó ní, "Ìjọba ti fọwọ́ sí i."

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ oògùn ìbílẹ̀ inú ìgò ló kàn wà nínú àkọsílẹ̀ NAFDAC. Lẹ́tà L ló máa ń wà nídìí nọ́ńbà wọn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n gbà kí wọ́n tà á, kì í ṣe pé wọ́n ti rí i pé ó ń wo àrùn. NAFDAC fúnra wọn ló ní kí wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé àwọn ò tíì yẹ ohun tí olóògùn náà ń sọ wò. Gbólóhùn yẹn rèé, ó kéré bí ẹyin iná, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Orúkọ àrùn tó ń wò ńkọ́? Lẹ́tà ńláńlá!

Àwọn kan á ní ewé wa ni mò ń gàn. Rárá o. Ẹ wo Niprisan, oògùn fòníkú-fọ̀ladìde. Rẹ́fúrẹ́ǹdì P. O. Ògúnyalé ló ni àgbo náà kó tó dé ọ̀dọ̀ NIPRD, ilé ìwádìí oògùn ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá. Ìyèré, osùn, kànáfùrù àti ọkà bàbà ló wà nínú ẹ̀. Wọ́n fi ọdún kan dán an wò lára aláìsàn 82: ojúlówó àti ayédèrú, aláìsàn ò mọ èyí tó ń lò, dókítà ò mọ̀. Ìrora wọn dínkù. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2001. Ewé tiwa náà mà lè dúró níwájú ìdánwò!

Àìsàn yìí ò mọ sí ilé wa nìkan. Ní 2017, NHS England ní kí àwọn dókítà má kọ oògùn homeopathy fún aláìsàn mọ́, torí kò sí ẹ̀rí tó dájú pé ó ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀ àwọn kẹ́místì ibẹ̀ ò yé tà á.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń ru tó tìtorí bítàs pa tábúlẹ́ẹ̀tì tì, rọpárọsẹ̀ lè ká a mọ́lé. Ẹ̀yin oníkẹ́místì, ẹ̀yin lẹ kàwé ẹ̀. Ẹ ya pẹpẹ wọn sọ́tọ̀, kí ẹ sì fi Yorùbá kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "A ò tíì dán èyí wò." Ẹ̀yin òǹrà, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n: "Ta ló dán an wò, ara ta ni wọ́n sì ti dán an wò?" Bí wọn ò bá rí èsì fọ̀, ẹ mú owó yín délé.